Kútúbà Ọjọ́ Jímọ̀: Ẹ Kọ Òwò Yín Sílẹ̀

KÚTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe owó èlé ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣòwò kí ìmísí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ fún un, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, títí di Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà ní ìmọ̀ràn pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun, nínú mọ́sálásí àti nínú ọjà.

Nígbàkígbà tí a bá gbé òkú Mùsùlùmí síwájú láti kírun sí i lára, a máa ń dúró díẹ̀. A ó kéde pé ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè, kí ó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ títí ó fi mọ́ yín létí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti túká. Mo ti jókòó láàárín àwọn ọmọ oníṣòwò kan tí ó kú, ènìyàn rere ni. Ènìyàn mẹ́ta wá, oníkálukú ní òun ní owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé àwọn kan jẹ bàbá àwọn lówó, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ta ni, wọn kò sì mọ iye rẹ̀. Ìwé kankan kò sí. Orí olóògbé ni gbogbo ìṣirò wà, orí náà sì ti wọ ilẹ̀. Àríyànjiyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà láàárín opó àti àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò tíì parí títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ rántí pé wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun – kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ó béèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Wọ́n ní díínárì mẹ́ta ni, kò sì fi nǹkan sílẹ̀ tí a lè fi san án. Ó ní kí àwọn sàábé kírun sí i lára, òun kò ní kí i. Ìgbà tí Abu Qatada sọ pé òun yóò san gbèsè náà ni Òjíṣẹ́ tó kírun sí òkú náà lára. Díínárì mẹ́ta péré ni!

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ lónìí lórí bí Mùsùlùmí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ òwò kékeré, àti bí ó ṣe ń bójú tó o. Aránṣọ wà nínú wa, ìyá elépo wà, ọ̀dọ́ tí ń tún fóònù ṣe náà wà. Òwò náà lè kéré lójú, ṣùgbọ́n owó inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Owó ẹni tí ó yá wa wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ aláìní wà níbẹ̀. Àmáánà ni.

Ohun àkọ́kọ́: bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí agbára rẹ ká, kí o sì mọ ọjà kí o tó ná an. Nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Awf dé Mẹdínà láti Mẹ́kà, kò ní nǹkan lọ́wọ́. Sa'd ọmọ Rabi', tí Ànábì sọ ọ́ di arákùnrin rẹ̀, fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì kí ó fún un ní ìdajì. Abdur-Rahman ṣàdúà fún un, ó sì ní kí ó fi ọ̀nà ọjà han òun. Wàràkàṣì àti òróró wàrà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí ará ìlú ń jẹ lójoojúmọ́. Kò dúró de owó ńlá, kò sì yá owó láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin, bí o bá fẹ́ ta aṣọ, lọ bá aláṣọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ná, kí o mọ ibi tí ó ti ń rà á, iye tí ó ń rà á, àti èyí tí kì í tà.

Ohun kejì: mọ iye tí ọjà rẹ ná ọ gan-an. Ká ní ìyá kan ra kẹ́ẹ̀gì epo pupa oní-lítà 25 ní náírà 40,000. Ó san 2,000 fún ọkọ̀ àti alábàárù. Ó ra ìgò oníke 25 ní 2,500. Owó ìsọ̀ tí ó kàn án jẹ́ 1,000. Ó ta ìgò kọ̀ọ̀kan ní 2,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50,000. Ó ní, "Mo jèrè 10,000," ó sì ná an tán sí ilé. Ṣùgbọ́n epo náà ná an ní 45,500. Èrè rẹ̀ jẹ́ 4,500 péré. 5,500 tí ó kù nínú ohun tí ó ná, ojú owó ni ó jẹ. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá ra ọjà, kò ní pẹ́ tí ìsọ̀ yóò fi ṣófo. Nígbà náà ni yóò máa wá ẹni tí ó ń ṣe é láyé. Kò sí ẹni tí ó ṣe é. Àìṣírò ni. Àgbẹ̀ tí ó bá se ẹbu iṣu rẹ̀ jẹ, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀?

Ohun kẹta: ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, kí o sì bu iye kan fún ara rẹ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Oníṣòwò aṣọ ni Abu Bakr – kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n fi í ṣe àrólé Òjíṣẹ́, ó gbé aṣọ lé èjìká, ó ń lọ sí ọjà, nítorí ó ní láti bọ́ ìdílé rẹ̀. Àwọn sàábé ní kí ó jókòó ti iṣẹ́ ìlú, wọ́n sì bu iye kan fún un láti inú àpò ìṣúra Mùsùlùmí. Àpò náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ iye tí wọ́n bù fún un ni tirẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ìwọ àti àpótí owó rẹ rí nìyẹn. Bí àlejò bá dé, bí ayẹyẹ bá dé, inú owó iṣẹ́ rẹ ni kí o ti ṣe é. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ohun kẹrin: kọ ọ́ sílẹ̀. Àyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kò sọ̀rọ̀ lórí ìrun tàbí àwẹ̀. Gbèsè ni ó dá lé lórí: àyà 282 nínú Súrátùl Bákárà. Ọlọ́hun pàṣẹ níbẹ̀ pé kí á kọ gbèsè àti ọjọ́ tí a ó san án, kí ẹlẹ́rìí wà, kí ó má sì sú wa láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ọjà tí a fi owó rà lójú ẹsẹ̀ nìkan ni Ó yọ̀ǹda pé a lè má kọ. Ọ̀pọ̀ wa ń sọ pé, "Ọmọ ìyá mi ni, ojú ń tì mí láti mú ìwé jáde." Ọlọ́hun tí Ó dá ojú kò fi ìtìjú ṣe àwáwí fún wa. Ìwé ni ó ń dáàbò bo okùn ẹbí, ìgbàgbé ni ó ń já a. Nítorí náà, bí o bá ta àwìn, kọ orúkọ, ọjọ́, ọjà, iye, àti ọjọ́ ìsanwó.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, bí ẹ bá fi owó fún ẹlòmíràn kí ó fi ṣòwò, ẹ fi ìpín èrè sí àdéhùn: ìdajì sí ìdajì, tàbí bí ẹ bá ṣe fẹnu kò. Bí òwò bá pàdánù láìsí ìwà àìbìkítà, olówó ni ó pàdánù owó, òṣìṣẹ́ pàdánù làálàá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n máa fún òun ní iye kan pàtó lóṣooṣù, ìbáà jèrè, ìbáà má jèrè, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò, nítorí ọ̀nà owó èlé ni ó ń tọ̀.

Ẹ má fi ìgbá tí ó yẹ̀ wọn ọjà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì bá oníọjà náà wí pé kò kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Èyí tí ó bàjẹ́ nínú ọjà rẹ, gbé e sí ojú.

Bí òwò rẹ bá dé ìwọ̀n sàká, iye tí gíráàmù wúrà 85 jẹ́, tí ọdún Hijra sì yí po lé e lórí, ka owó ọwọ́ rẹ, díye lé ọjà tí ó wà nílẹ̀ bí ó ṣe ń tà lọ́jọ́ náà, kí o sì yọ náírà 25 nínú 1,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní ìwé òwò, báwo ni yóò ṣe mọ ẹ̀tọ́ aláìní tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí olúkúlùkù oníṣòwò ra ìwé kan. Kí ó kọ́kọ́ kọ ohun tí ó jẹ àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà kí ó kọ ohun tí wọ́n jẹ ẹ́. Kí ó fi ibi tí ìwé náà wà han ẹnì kan nínú ilé rẹ̀.

Ìwọ Ọlọ́hun, fi ìbùkún sí òwò wa, fi ẹ̀tọ́ Rẹ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú èèwọ̀ Rẹ. Ràn wá lọ́wọ́ láti san gbèsè ọrùn wa kí ikú tó dé. Forí jin àwọn òkú wa, kí O sì parí ìjà àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Áámíìn.

Ẹ dìde láti kírun, kí Ọlọ́hun ṣàánú gbogbo wa.