“Get”: Ta Ló Ṣi Ọ̀rọ̀ Gbọ́?

Ìbéèrè kan ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà tí obìnrin ará Ṣáínà kan, aládùúgbò wa tí a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì, ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wa. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì yé wọn bákan náà, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà? Ẹni tí ó sọ ọ́ ni, àbí ẹni tí ó gbọ́ ọ?

Obìnrin yìí ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé iṣẹ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ to iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un lẹ́sẹẹsẹ, ó wá bi í ní ìparí pé, “Have you got that?” Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fún un ní ohunkóhun. Ó ní rárá. Ọ̀gá tún gbogbo rẹ̀ sọ, ó tún bi í bẹ́ẹ̀, òun náà tún ní rárá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá yíjú sí àwọn tó kù, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kà á sí ẹni tí nǹkan kì í tètè yé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ní kí ó máa fọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀ fún un ló yé e. Ìbéèrè ìkẹyìn nìkan ni kò yé e.

Kì í ṣe pé kò kàwé. Láti ọdún 2001 ni ìjọba Ṣáínà ti pinnu pé kí àwọn ọmọ máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ohun tí ìwé kọ́ ọ ni pé “get” ni dédào, ìyẹn ni pé kí nǹkan tẹ ènìyàn lọ́wọ́. Ìwé kò purọ́. Àmọ́ nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó rí i pé àwọn ènìyàn ń “get up” láàárọ̀, kò sì sí ohun tí ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́; wọ́n dìde lórí ibùsùn ni. Wọ́n “get cold”, òtútù ló mú wọn. Wọ́n “get home”, wọ́n délé. Wọ́n “get on” bọ́ọ̀sì, wọ́n wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya bá “get on”, wọ́n rẹ́ ni. Ní èdè tirẹ̀, dào ni kí a dé ibì kan, dǒng ni kí ọ̀rọ̀ yéni, jiéhūn ni kí a ṣe ìgbéyàwó. Kálukú ló dá orúkọ tirẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kì í sì í yí padà nítorí pé ọjọ́ ti kọjá, gẹ́gẹ́ bí tiwa náà kì í ti í yí padà. Ó wá di dandan fún un láti mọ “got”, àti “gotten” tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ.

Ohun tí ó dùn mọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ tí ó ń dààmú àlejò yìí, àlejò ni òun náà. Àwọn atukọ̀ láti ìhà àríwá, àwọn Vikings tí ó wá jagun tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n mú un wá. Geta ni wọ́n ń pè é.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀bi Gẹ̀ẹ́sì ni, pé èdè tí ó létò kì í di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kọnfúṣíọ̀sì, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà ayé àtijọ́, pàápàá kọ́ni pé bí wọ́n bá fi ìlú lé òun lọ́wọ́, kí orúkọ nǹkan bá nǹkan mu ni òun yóò kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ kò rí i pa mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, dǎ, tí ó túmọ̀ sí kí a lu nǹkan. Òun náà ni wọ́n fi ń pọn omi, tí wọ́n fi ń pẹja, tí wọ́n fi ń ṣí agboòrùn, tí wọ́n fi ń pe ènìyàn lórí tẹlifóònù. Ọ̀mọ̀wé wọn kan, Ouyang Xiu, tí ó gbé ayé láti 1007 sí 1072, ti ráhùn nípa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀. Ìráhùn náà kò ràn án. Títí di òní, wọ́n ṣì ń lu omi.

Èdè kò jẹ̀bi, nígbà náà. Ọ̀rọ̀ a máa rí ìtumọ̀ gbà lọ́dọ̀ àwọn tí ó bá bá rìn. Ẹni tí a bí sínú èdè kò kọ́ “get” láti inú ìwé. Láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti ń bá a pàdé, nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ń kó. Ó dà bí ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé mélòó ni, kò lè sọ. Àlejò ló ń kọsẹ̀, àlejò náà ló sì ń kà wọ́n.

Ẹnì kan sọ fún wa pé ẹni tí ó bá wá sí ìlú onílùú ni kí ó gbọ́ èdè wọn. A kò jiyàn. Ọ̀gá náà kò sì jẹ̀bi nígbà àkọ́kọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó lè máa yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wò kí ó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ọ̀rọ̀ kan náà béèrè. “Do you understand?” wà ńlẹ̀, obìnrin náà ti mọ ìyẹn láti kékeré. Lójú tiwa, ìgbà kejì ni ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ló sì sọ ọ́ di ìwà ìkà.

Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀gá ẹlẹ́ni. Nínú ilé tiwa, ọmọ wa ọkùnrin bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì fi ayọ̀ sọ pé, “Màmá, a máa gba ilé ní Disẹ́ńbà.” “Get home” ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá wa ní, “Ilé wo lẹ tún fẹ́ gbà? Kí ló ṣe ilé bàbá rẹ?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a sì ròyìn rẹ̀ níbi ìkómọ méjì. Láti ìgbà náà, bí ìyá wa bá pè, “Fine, Grandma” ni ọmọ náà ń dáhùn, yóò sì gbé fóònù fún wa. Ọdún kejì rèé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní ibùdókọ̀, obìnrin ará Ṣáínà náà gbọ́ tí a ń sọ “gbà” lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí fóònù, ó sì béèrè ohun tí ó jẹ́. A ní kí a fún ènìyàn ní nǹkan kí ó sì fọwọ́ mú un ni. Lẹ́yìn náà ni a rántí gba owó, gba ọ̀nà, yàrá tí ó gba ogún ènìyàn, ìrìn tí ó gba wákàtí mẹ́ta, gbígbà pé òótọ́ ni. Àti àdúrà, tí ẹni tí ó kúnlẹ̀ ń gbà, tí Ọlọ́run náà ń gbà. A ń ṣírò lọ títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ọmọ wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Gba ilé ńkọ́?” ni ó wí.