Akátá, Adìẹ àti Ẹni Tí Ó Ń Sìn Ín

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí adìẹ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí a kàn gbà á sìn ńkọ́? Ẹni tí ó ń bá ni sin adìẹ kò lè máa fi akátá ṣe àwáwí títí. A ó béèrè irú ilé tí ó kọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ Equifax ni ó mú mi ronú báyìí. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn mọ́ ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n kéde pé àlàfo wà lára Apache Struts, ètò kọ̀ǹpútà kan tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò. Àtúnṣe rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò dí àlàfo náà. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Keje ni àwọn olè fi ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó ṣọ́ wọn kò rí wọn, nítorí pé ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé-ẹ̀rí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gba òmíràn. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ènìyàn bí mílíọ̀nù 147 ni ó bá a lọ. A lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ta ni ó lè pààrọ̀ ọjọ́ ìbí?

Nígbà tí Richard Smith, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò ọ̀gá àgbà ibẹ̀ sílẹ̀, dé iwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Kẹwàá, ó ní òun gba ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó tún ní ẹnì kan ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ nípa àtúnṣe náà. Ó lè má jẹ́ irọ́. Ta wá ni ó kọ́ ilé tí ohun ìní ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí fi rọ̀ mọ́ ìrántí ẹnì kan ṣoṣo? Nínú ẹgbẹ́ tiwa níhìn-ín, akápò ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, akọ̀wé ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tún yan ẹni tí yóò yẹ ìwé náà wò. Kì í ṣe pé a pe akápò ní olè. A mọ̀ pé ènìyàn a máa gbàgbé ni.

Èyí tí ó burú jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò fi nǹkan kan pamọ́ síbẹ̀ rí. Àwọn báǹkì ni ó ń kó ọ̀rọ̀ wọn lọ. Lójú tèmi, ẹni tí a kò bẹ̀ tí ó fi gba adìẹ sìn, ìṣọ́ tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó le jù.

Ọjọ́ 29 oṣù Keje ni wọ́n ti fura. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó sọ fún aráyé. Ọjọ́ 40 gbáko! Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi tó àjọ tí ó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72, bí ewu bá wà níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn.

Ní ọdún 2019, Equifax gbà láti san mílíọ̀nù 575 dọ́là, ó kéré tán, láti fi parí ẹjọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn olè náà kan ọmọ ogun Ṣáínà mẹ́rin. A ti dárúkọ akátá nìyẹn. N kò tíì gbọ́ pé adìẹ kankan padà wálé.