Ògún, Orí àti Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ó ti di àṣà láàárín àwa ará Ṣómólú àti Bàrígà pé, nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi ẹ̀yìn rìn lóru jáde nínú àdúgbò tóóró tí ó já sí òpópó Bajulaiye tàbí Ladi-Lak, tí ó sì fi ìdí wó ìsọ̀ olóúnjẹ tàbí tí ó gun ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀, ẹnìkan yóò ti wí pé Ògún ló ń bínú, ẹlòmíràn yóò ní bí orí ẹni náà ti yàn án nìyẹn, ọmọlẹ́yìn Kírísítì àti Mùsùlùmí yóò sì pa ohùn pọ̀ pé iṣẹ́ Èṣù ni. Bẹ́ẹ̀ ni iná funfun tí ó yẹ kí ó tàn lẹ́yìn ọkọ̀ náà ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè. Nínú ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀, ara gíàbọ́ọ̀sì ni ṣúìsì iná yìí wà, ó sì ní orí kékeré tí ń wọlé tí ń jáde. Bí awakọ̀ bá fa gíà sí rìfáàsì, irin inú gíàbọ́ọ̀sì a tẹ orí náà, iná bátìrì tí ó ti gba inú fíúùsì kọjá a sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Bí ìpẹtà bá mú ṣúìsì, ọ̀nà dí nìyẹn. Ṣùgbọ́n gílóòbù ni ojú ń rí, òun náà ni a sì máa ń pààrọ̀ ṣáá, tí a fi ètè sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yẹ fíúùsì àti gílóòbù wò. Bí wọn kò bá ní àléébù, yóò ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láì tan ẹ́ńjìnnì, yóò yọ wáyà méjèèjì kúrò lórí ṣúìsì, yóò sì fi wáyà kékeré kan so wọ́n pọ̀. Bí iná bá tàn, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn: ṣúìsì ni; bí kò bá tàn, kí ó máa tọpa wáyà lọ. Kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Pípààrọ̀ ṣúìsì náà kò lọ títí. Kí a ṣáà gbé abọ́ sábẹ́, nítorí ọ́ìlì gíà lè dà.

Níbo wá ni Ògún wà? Ògún lákáayé, ọ̀ṣìnmọlẹ̀, òun ló ni ṣúìsì, òun ló ni sípánà. Irin rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù. Èmi kò rí bí òrìṣà tí ó kórìíra irọ́ tó bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gba ajá ìrúbọ tí a fi bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Ti orí ńkọ́? Bolaji Idowu, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, ṣàlàyé àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́, síbẹ̀ ó ka ìwà ẹ̀dá mọ́ ohun tí ó lè ba ìpín jẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń kọjá lẹ́yìn ọkọ̀ ní orí tirẹ̀, ìkìlọ̀ tí awakọ̀ sì jẹ orí náà ní gbèsè ni iná yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀ wa, kí ẹ tó ra ajá, ẹ fa gíà sí rìfáàsì lálẹ́ òní, kí ẹnìkan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá yín wo ẹ̀yìn. Bí iná kò bá tàn, ẹ pe rìwáyà.