ÌDÌBÒ MÉJÌ NÍ OKLAHOMA

  

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa nígbà tí a bá jókòó ní usrah, pàápàá àwọn tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn ń gbé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á ní: Òfin ibẹ̀ ti fi ọwọ́ sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, kí ni kí Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ ṣe? Àwọn kan a sì dáhùn wéré pé kí ó jà kí ìjọba máa fi ẹ̀sìn kọ òfin. Ìdáhùn yìí dùn létí, àwa náà sì ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oklahoma kò jẹ́ kí ẹnu wa gbà á mọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Ìtàn àwọn èèyàn Ànábì Lúùtù wà nínú Àlùkùráánì, kò fara sin. Yìgì tiwa, láàrin ọkùnrin àti obìnrin ni; walí ń bẹ, ẹlẹ́rìí ń bẹ, sàdáàkì ń bẹ. Kò sí kóòtù tó lè sọ hàráàmù di hàláàlì, kò sì sí àáfà tó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Èyí kọ́ ni à ń bi ara wa. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé: ní ìlú tí onírúurú ẹlẹ́sìn jọ ń gbé, ẹ̀sìn ta ni kí a fi kọ òfin?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, àwọn ará Oklahoma dìbò pé kí ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn sọ ọ́ gbangba pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan nìkan ni ó lè fẹ́ ara wọn. Nǹkan bí ìdá 76 nínú 100 àwọn olùdìbò ni wọ́n gbà á. Bí àwa bá wà níbẹ̀, àwa náà ì bá tẹ̀ka sí i.

Ó di ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n tún dìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí adájọ́ kankan ní ìpínlẹ̀ náà má ṣe wo Ṣàríà bí ó bá ń dá ẹjọ́. Wọ́n dárúkọ Ṣàríà fúnra rẹ̀. Ìdá 70 nínú 100 ló gbà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fúnra wọn jẹ́wọ́ níwájú kóòtù pé àwọn kò mọ ẹjọ́ kan ṣoṣo ní Oklahoma tí adájọ́ ti lo Ṣàríà rí! Ìbẹ̀rù lásán ni wọ́n fẹ́ sọ di òfin.

Mùsùlùmí kan, Muneer Awad, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ó ní nínú ìwé ìhágún òun, èyí tí à ń pè ní wasiyyah, òun tọ́ka sí Ṣàríà. Bí òfin yìí bá dúró, lẹ́yìn ikú òun kò sí adájọ́ tí yóò lè mú ìfẹ́ òun ṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìjà ogún láàrin àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ògùn, níbi tí kò sí kóòtù Ṣàríà ti ìjọba, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún kì í ṣe eré. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Denver gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní òfin tí ó bá ya ẹ̀sìn kan sọ́tọ̀ láti fìyà jẹ ẹ́ kò lè rọrùn dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, adájọ́ pa òfin náà rẹ́ pátápátá. Àwọn Mùsùlùmí dúpẹ́.

Kóòtù Denver yìí kan náà ni ó fọwọ́ sí i ní oṣù keje ọdún 2014 pé kí ìdìbò ti 2004 di asán. Kì í ṣe abala òfin kan náà ni wọ́n gùn lé. Ti Awad, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ti ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba àwọn ọmọ ìlú lábẹ́ òfin ni. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn pàdé lábẹ́ ilẹ̀: pé àwọn tó pọ̀ ka ohun kan sí àìtọ́ kò tó láti fi òfin dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí kò pọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Washington sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Adájọ́ márùn-ún gbà, mẹ́rin kọ̀.

Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ wo ni kí á fi dúró? Bí a bá ní ìdìbò àwọn tó pọ̀ ni abẹ gé, ìwé ìhágún Awad ti di tákàdá lásán. Ẹnì kan á ní, “Ti 2004 jẹ́ òdodo, ti 2010 jẹ́ àbòsí.” Òótọ́ ni, lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n adájọ́ Denver kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò ní òṣùwọ̀n tí ó fi lè wọn ẹ̀sìn tó jẹ́ òdodo, ọjọ́ tí ó bá sì ní in, ẹ má rò pé tiwa ni yóò jẹ́.

Àtakò tó ń dùn wá jù ni èyí tó ní ọgbọ́n àwọn tí kò pọ̀ ni à ń dá, pé bí a bá pọ̀ ni ọ̀la, ohùn wa yóò yí padà. Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbà tí agbára wà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Àwọn Májúsì ilẹ̀ Páṣíà, tí wọ́n ń bọ iná, nínú wọn ni a ti rí àwọn tó ń fẹ́ ìyá tàbí ọmọ wọn níyàwó. Kò sí àáfà tí kò kórìíra rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbà á wá pé Umar pàṣẹ pé kí a yà wọ́n, a kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Síbẹ̀, Ibn al-Qayyim, tó kú ní ọdún 1350, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ó sì ní bí wọn kò bá gbé e wá sí kóòtù wa, tí ẹ̀sìn wọn sì gbà á láyè, kí á fi wọ́n sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ Májúsì àti ti Oklahoma dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ èyí, kò sọ ọ́ nítorí ìbẹ̀rù. Lábẹ́ ìjọba Mùsùlùmí ló wà.

Nígbà tí a sọ gbogbo èyí tán ní usrah, arábìnrin wa kan nawọ́ sókè. Ó ní láti oṣù kìíní ọdún 2014 ni òfin Nàìjíríà ti ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dá irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lẹ́kun, níhìn-ín tí àwa àti àwọn Kristẹni jọ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ohun tí a sọ fún Oklahoma, ṣé a lè sọ ọ́ fún ara wa? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní ó tì, wọ́n ní ilé ẹni kì í ṣe ilé àlejò. A ṣì ń fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàríbà.