Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ Fò, Ilẹ̀ Ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Runjin Sambo fẹ́ràn òwe yìí, nítorí òun ni a fi ń bá onílé àti àlejò ẹgbẹ́ wa gbé ní ìlú Sókótó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tí ń gbé ojú ọ̀run. Bó pẹ́ bó yá, yóò bà. Níbi tó bá bà sí, ta ni yóò ṣàánú rẹ̀?

Òkun jìnnà sí wa. Láti Sókótó dé Èkó ju 700 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olówó a máa wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tí ń yà ní Dakar àti Takoradi. Wọn a gbé awò tí ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni sójú, wọn a máa wo ẹyẹ òkun bí ó ti ń já ṣòòròṣò sínú omi láti mú ẹja. Ìran tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ a kọjá lọ, yóò wá ku ẹyẹ àti àwọn tí ń gbé etíkun.

Ẹ wo ilẹ̀ Ghana. Ẹyẹ òkun kékeré kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní roseate tern. Ilẹ̀ Bìrìtìkó àti Ireland ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pamọ. Bí òtútù bá dé, wọn a wá sí etíkun Ghana. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ a máa fi okùn dẹ wọ́n, fún jíjẹ tàbí fún eré. Ta ni kí á dá lẹ́bi? Ó rọrùn fún ẹni tó yó láti wàásù àánú fún ẹni tí ebi ń pa. Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n ṣe ní 1985 fi wù wá. Ìjọba Ghana àti àwọn ẹgbẹ́ olùfẹ́ ẹyẹ láti òkè òkun pawọ́ pọ̀ láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ etíkun, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé ìwé, kí ọmọ tí ń dẹ okùn lè di ọmọ tí ń ṣọ́ ẹyẹ. Ẹni tí ń wòran mú tirẹ̀ wá, onílé náà mú tirẹ̀ wá.

Nàìjíríà náà ti wà láti 1987 nínú àdéhùn àgbáyé lórí àwọn ẹ̀dá tí ń ṣí kiri, èyí tí wọ́n ṣe ní Bonn, ní Jámánì, ní 1979. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kò lè di ọwọ́ ọmọ tó mú òkò. Nígbà èwe wa, èékánná la ń nà sí lékeléke kí ó fún wa ní funfun. Lónìí, bí lékeléke bá tẹ̀lé màlúù kọjá, òkò ni àwọn ọmọ kan ń sọ lù ú. Bí a bá bá wọn wí, wọn a ní, “Ta ló ni ín?”

Èsì wa ni pé ohun tí kò ní olówó, ọwọ́ ẹni tó súnmọ́ ọn jù ló wà. Ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àwa náà fò wá ni, a bà sí ìlú yìí, wọ́n sì fún wa láàyè. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ wa láti fún ẹlòmíràn láàyè, ìbáà ṣe ẹyẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á bà síbi tí òkò ti ń dúró dè wá. Àmín. Ẹ kú ọdún ẹgbẹ́.