Ta Ni A Jẹ Ní Gbèsè Òtítọ́?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1848, ọ̀dọ́kùnrin kan tó múra bí ọmọ olówó dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ní Charleston, ní South Carolina. Ó dé fìlà gíga, ó wo jígí aláwọ̀ ewé, ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn, ó sì fi aṣọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọ́rùn. Ẹrú rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ẹrú náà sínú ìwé. Ó ní ọwọ́ ń dun òun, ó bẹ ọ̀gá pé kó bá òun kọ ọ́. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀.

Ọwọ́ kankan ò dùn ún o. Kò mọ̀wé kọ ni. Kì í sì í ṣe ọkùnrin. Ellen Craft lorúkọ rẹ̀, ẹrú lòun gan-an, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹrú sì ni William, ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń sá lọ ni.

Ní Macon, ní Georgia, ni wọ́n ti sá wá. Òyìnbó tó ni ìyá Ellen lẹ́rú ló bí i, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò máa ń rò pé ọmọ ilé ni. Ìyàwó ilé ò fẹ́ràn èyí rárá. Nígbà tí Ellen pé ọmọ ọdún 11, wọ́n fi í ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin ilé náà, ìyẹn ọbàkan rẹ̀. Ẹ tún un kà, ẹ ò ṣì í kà: wọ́n di ọmọ bàbá kan lẹ́bùn, wọ́n gbé e fún ọmọ bàbá kan náà. Ní ti William, káfíńtà ni. Wọ́n ti ta àwọn òbí rẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ káàkiri. Òfin ibẹ̀ sì sọ pé ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni, ẹni yòówù kó jẹ́ bàbá rẹ̀. Ellen ò fẹ́ bímọ sínú irú ayé yẹn. Wọ́n tọrọ àyè ọjọ́ díẹ̀ fún Kérésìmesì, William gé irun rẹ̀, Ellen rán ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kì í dá rin ìrìn àjò pẹ̀lú ẹrúkùnrin nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi di ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tíkẹ́ẹ̀tì. Sójà ọ̀dọ́ kan, ọ̀gá ni, tó bá wọn wọ ọkọ̀ láti Savannah, ló yọ wọ́n. Sójà yìí kan náà ló ti bá Ellen wí nínú ọkọ̀ pé kó yéé dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹrú rẹ̀, pé ìyẹn á ba ẹrú jẹ́. (Ọkọ rẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀!) Ó ti mu ọtí díẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó bọ Ellen lọ́wọ́, ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun mọ ẹbí ẹ̀ dáadáa. Irọ́ ni, kò mọ ẹnì kankan nínú ẹbí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tó. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kò burú, òun á kọ orúkọ náà fúnra òun: Ọ̀gbẹ́ni Johnson àti ẹrú rẹ̀.

Ìran yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Irọ́ méjì ló ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bí àṣírí irọ́ Ellen bá tú, wọ́n á nà án, wọ́n lè tà á síbi tí William ò ti ní fojú kàn án mọ́ láyé. Irọ́ sójà ńkọ́? Wọ́n kà á sí ọ̀yàyà. Kò sẹ́ni tó ní kó mú ẹ̀rí wá, kò sẹ́ni tó ní kó fọwọ́ síwèé. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà mọ̀ lè parọ́ wọlé, kó rẹ́rìn-ín jáde. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà ò mọ̀ nìkan la máa ń bi pé ta ni ọ́.

Ó sì kàn mí gan-an, torí ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ mi. Software ni mo ń kọ. Nílé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni mo kọ apá tó ń wò ó bóyá ojú ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ bá káàdì ìdánimọ̀ mu. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo fi yangàn. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà obìnrin kan dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní òun fi ilé ọkọ òun sílẹ̀ lóru, gbogbo ìwé òun wà lọ́wọ́ ọkọ, káàdì àbúrò òun lòun lò, ẹ jọ̀ọ́, kí a má ti àkáǹtì òun pa, iṣẹ́ tóun fi ń jẹun wà nínú rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo tì í pa.

Òfin ni, àbí? Káàdì ẹlòmíì ló lò.

Onímọ̀ kan wà ní Jámánì, Immanuel Kant, tí inú rẹ̀ ì bá dùn sí mi lọ́jọ́ yẹn. Ní 1797 ó kọ ọ́ pé kódà bí apànìyàn bá kan ilẹ̀kùn rẹ, tó ń bi ọ́ bóyá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lé wà nínú ilé, o ò gbọ́dọ̀ parọ́ fún un. Lójú tiẹ̀, bí irọ́ bá ti wọ ọ̀rọ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé tí gbogbo ayé dúró lé ti fọ́. Àwọn àgbà tiwa náà ò fi irọ́ ṣeré: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ Ellen, irọ́ wo ló ti lọ fún ogún ọdún? Ìwé tó sọ pé obìnrin yìí jẹ́ ẹrù bí àga àti tábìlì, ṣé òtítọ́ nìyẹn? Ìbéèrè tí ọ̀gá tíkẹ́ẹ̀tì bi í ti ní irọ́ nínú kó tó dé etí rẹ̀. Bó bá dáhùn ní "òtítọ́", orúkọ olówó rẹ̀ ló máa pè.

N kò sọ pé kí olúkúlùkù máa parọ́ fún ẹ̀rọ o. Mo ti rí àwọn ọmọ Yahoo tó fi káàdì ìyá arúgbó yáwó, mo mọ ohun tí wọ́n ṣe fún màmá náà. Ẹ̀rọ mi ò lè rí ọkàn. Lójú rẹ̀, ọ̀kan náà ni Ellen àti olè. Ibi tí mo bá a dé ni pé ká béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni náà bá sọ òtítọ́. Bí olè bá sọ òtítọ́, ohun tó fẹ́ jí ló pàdánù. Bí Ellen bá sọ òtítọ́, ara rẹ̀ ló pàdánù. Ẹni tó fẹ́ lo òtítọ́ mi láti fi mí sẹ́wọ̀n tí n kò ṣẹ̀ sí, n kò rí bí mo ṣe jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Ó tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ pé òtítọ́ ló fẹ́ pa wọ́n lẹ́yìn náà. Wọ́n dé Philadelphia ní ọjọ́ Kérésìmesì, wọ́n kọjá sí Boston, wọ́n bọ́ aṣọ irọ́ sílẹ̀, wọ́n ń jẹ́ orúkọ wọn, wọ́n ń sọ ìtàn wọn níwájú èrò. Ní 1850 ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n máa dá ẹrú tó bá sá padà, ibi yòówù tí wọ́n bá ti rí i. Ọkùnrin méjì gbéra láti Macon wá mú wọn. Lewis Hayden, tóun náà ti sá kúrò lóko ẹrú rí, gba William sílé, ó sì ní òun ti kó ẹ̀tù ìbọn sábẹ́ ilé, pé ẹni tó bá wọlé wá mú un, gbogbo wọn ló máa bá a lọ. Àwọn méjì yẹn padà lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ò ṣeé gbé mọ́. Tọkọtaya náà gba Halifax lọ sí Liverpool. William kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1860 pé ìgbà tí ẹsẹ̀ àwọn kan ilẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rù tó kúrò lára àwọn. Inú ìwé yẹn náà ló ti tú gbogbo àṣírí ọgbọ́n wọn fún ẹni tó bá fẹ́ kà: ṣòkòtò, jígí, ọwọ́ tó wà lọ́rùn. Òtítọ́ ò bọ́ nù. Ìgbà tó ṣeé sọ ló dúró dè.

(William wá sí itòsí wa náà. Ní àwọn ọdún 1860 ó lọ sí Dàhómì, ó ṣí ilé ìwé ní Ouidah, ó bẹ Ọba Glele pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Glele tó gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1864 nìyẹn o, ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́ létí.)

Ọmọ márùn-ún ni Ellen bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹrú nínú wọn. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwé ní Ockham. Nígbà tó di 1852, àwọn kan ń sọ kiri pé ó ti sú u, pé ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ó fi lẹ́tà fèsì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde: kí ebi pa òun kú ní òmìnira sàn fún òun ju kóun ṣẹrú ẹni rere jù lọ ní Amẹ́ríkà. Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ní Charleston ní ọdún mẹ́rin ṣáájú nìyẹn.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo padà lọ wá lẹ́tà obìnrin wa. Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ pé kí a ṣe ọ̀nà kan tí èèyàn á fi gbọ́ ẹjọ́ kí ẹ̀rọ tó tilẹ̀kùn. Wọ́n gbà, lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀. Mo ṣí àkáǹtì náà, mo kọ̀wé sí i pé ó lè wọlé báyìí.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti tì í pa. Kò fèsì.