Àdúrà Onílé àti Àmín Àlejò

Ìbéèrè kan wà nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run tí àwọn onímọ̀ kì í sábà gbé dé pápá ìṣeré, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń yọjú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: nígbà tí ènìyàn méjì bá ń bẹ Ọlọ́run kan ṣoṣo fún ohun tí ẹnì kan péré nínú wọn lè rí gbà, irú ẹ̀bẹ̀ wo ni ó tọ́ kí wọ́n bẹ̀? Ìbéèrè náà kò ṣe àjèjì sí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń gbé ní Festac Town tàbí ní ibòmíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, nítorí pé ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gba àlejò bọ́ sí àárín ìrun Jímọ̀ àti ìsìn ọjọ́ Àìkú, kò sì sí bí ẹni tó ń gbàdúrà ní ọjọ́ tó ṣáájú tàbí ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ṣe lè yọ ọkàn rẹ̀ kúrò nínú ohun tó ń retí láàárín wọn.

Líìgì tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ni NPFL; èyí tó tẹ̀ lé e ni Nigeria National League, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NNL, lẹ́yìn rẹ̀ ni Nationwide League One, tí í ṣe ìpele kẹta. Sporting Lagos, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022, gòkè láti NNL sí NPFL ní 2023, ó sì já wálẹ̀ padà ní 2024, tó fi jẹ́ pé kò ju ọdún méjì lọ tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ fi tọ́ adùn ìgòkè àti ìkorò ìjáwálẹ̀ wò. Pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan ni ó ti ń gbàlejò. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Festac lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Mile 2, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, kí ó kọjá Suru-Alaba, Orílé-Ìgánmú àti National Theatre, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Marina, níbi tí Oníkan kò ti jìnnà mọ́. Ìrìn-àjò yìí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, nítorí pé àdúgbò tí ẹni náà ń gbé kọ́ ni ilé tó ń lọ gbèjà; ó fi ọkàn ara rẹ̀ yàn án ní ilé ni.

Ìrètí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kékeré yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wo Arsenal tàbí Real Madrid lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn tirẹ̀ ń dé etí agbábọ́ọ̀lù, àga tó bá fi sílẹ̀ lófìfo sì hàn sí gbogbo ènìyàn, nítorí náà ó gbà pé wíwá òun àti àdúrà òun lè ṣe nǹkan sí àbájáde eré. Ìgbàgbọ́ náà ní ìdí. Nígbà tí líìgì Jámánì padà sẹ́nu eré ní oṣù Karùn-ún 2020 láìsí èrò ìwòran nítorí àrùn kòrónà, àwọn onílé kò borí mọ́ bí wọ́n ti ń borí tẹ́lẹ̀, ìwádìí lórí àwọn líìgì Yúróòpù sì fi hàn pé nígbà tí èrò kò sí níbẹ̀, káàdì tí rẹfirí ń fún àlejò dín kù. Ìyẹn ni pé ariwo onílé máa ń wọ inú ìdájọ́. Bí èrò bá ní agbára tó báyìí, ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́kàn wọn kí wọ́n tó dé pápá kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ.

Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, fa ìṣòro náà yọ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tí wọ́n búra fún un lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1865, bí ogun abẹ́lé ti ń lọ sópin: ó ṣàkíyèsí pé ìhà méjèèjì ń ka Bíbélì kan náà, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run kan náà láti borí ara wọn, kò sì ṣeé ṣe kí àdúrà àwọn méjèèjì gbà. Ogun kì í ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìṣòro ọ̀hún kò yàtọ̀. Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristi ti ọ̀rúndún kẹtàlá, ti kọ́ni ṣáájú pé àdúrà kì í yí ìpinnu Ọlọ́run padà, pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó pinnu pé àwọn ohun kan yóò tọ ọwọ́ àdúrà wá. Èyí dáhùn fún ẹni tó ń sọ pé àdúrà kò wúlò, àmọ́ kò sọ ohun tí onílé àti àlejò yóò ṣe nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ kúnlẹ̀. Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù súnmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àníyàn, ìyẹn ohun tí ènìyàn gbà lọ́kàn kí ó tó dáwọ́ lé nǹkan, ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ni pé àdúrà tó bá ń bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tàbí tó ń já okùn ìbátan kò tọ́ sí ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ yìí yí ìbéèrè padà: dípò kí a máa wádìí ta ni Ọlọ́run yóò dá lóhùn, ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an ni ó ní kí a yẹ̀ wò.

Ìmọ̀ Yorùbá náà ní ohun tirẹ̀ láti sọ. E. Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ ẹ̀sìn, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, tẹnu mọ́ ọn pé onídàájọ́ tí kì í ṣojúsàájú ni Olódùmarè, Adákẹ́dájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi nǹkan tù lójú. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, sì ti fi ẹsẹ Ifá ṣàlàyé pé orí tí ènìyàn yàn lọ́run kò tó fún un láìsí ẹsẹ̀, ìyẹn akitiyan tí yóò gbé orí náà dé ibi tó ń lọ. Bí a bá pa ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀, ẹgbẹ́ tó jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù, tí kò sì fún wọn láyè láti ṣe ìgbáradì, kò lè fi ìṣọ́ òru dí àlàfo iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹni tó bá sì ń bẹ Adákẹ́dájọ́ pé kí ó gbè sẹ́yìn òun, ohun tó ń sọ fún un ni pé kí ó má ṣe jẹ́ Adákẹ́dájọ́ mọ́ títí eré yóò fi parí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù lọ ni ìtàn MFM FC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìjọ Mountain of Fire and Miracles Ministries, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Olukoya Boys nítorí orúkọ olùdásílẹ̀ ìjọ náà, Daniel Olukoya. Ìjọ tí gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ àdúrà gbígbóná ni, pápá Agége sì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbàlejò nígbà tí ó wà ní NPFL. Ní 2017 ó ṣe ipò kejì nínú NPFL lẹ́yìn Plateau United. Ní 2018 ó kópa nínú CAF Champions League. Ní 2022 ó já wálẹ̀ sí NNL. Àdúrà kò dúró ní èyíkéyìí nínú ọdún wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ipò inú líìgì díwọ̀n ìgbàgbọ́ ní láti sọ ohun tó yí padà láàárín 2017 àti 2022, kò sì sí onígbàgbọ́ tó ronú jinlẹ̀ tí yóò sọ pé Ọlọ́run ni ó yí padà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìjọ náà ní ẹ̀ka káàkiri Nàìjíríà, nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbàlejò Shooting Stars ti Ìbàdàn láyé ìgbà náà, ọmọ ìjọ tó jẹ́ ará Ìbàdàn lè jókòó sí ìhà àlejò, kí ó sì máa bẹ Ọlọ́run pé kí ẹgbẹ́ ìjọ òun fìdí rẹmi. Kò dẹ́ṣẹ̀. Ìfẹ́ ìlú àti ìfẹ́ ìjọ ni ó pàdé nínú ọkàn kan ṣoṣo, èyí sì fi hàn pé ẹni tí à ń gbàdúrà borí lè jẹ́ ẹni tí a óò jọ kọ orin ìyìn lọ́jọ́ kejì.

Níbi tí àdúrà bá ti di ìbẹ̀rù àlejò ni nǹkan ti ń wọ́. Ní oṣù Kejì 2000, nígbà tí Nàìjíríà àti Senegal pàdé ní National Stadium ní Sùúrùlérè nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, àlejò ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Òṣìṣẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan sáré wọ pápá, ó sì mú ohun tí wọ́n pè ní oògùn kúrò nídìí àwọ̀n Senegal. Lẹ́yìn náà ni Julius Aghahowa, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, dá ayò padà, ó tún gbá òmíràn wọlé ní àfikún àkókò, Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú ayò méjì sí ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé oògùn ni ó dínà fún wa tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé onílé tó wà lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ké fún, gbà lójú ayé pé nǹkan kékeré tí àlejò kó wá lágbára ju ẹsẹ̀ àwọn ọmọ òun àti ẹ̀bẹ̀ gbogbo ìlú lọ.

Òṣùwọ̀n tó yẹ kí ó wà, nígbà náà, ni pé kí onílé gba kìkì àdúrà tí ó lè gbà sókè níwájú àlejò, kí àlejò sì lè ṣe àmín sí i tàbí, ó kéré tán, kí ó gbọ́ ọ láìbínú. Wọ́n lè takò ó pé ẹni tí kò fẹ́ kí tirẹ̀ borí kì í ṣe olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, òótọ́ sì ni. Àmọ́ òṣùwọ̀n yìí kò kọ ìfẹ́ láti borí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yege jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àlejò lè gbọ́ kí ó sì fi irú rẹ̀ fèsì, nítorí pé ohun tí òun náà bá wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ gọ́ọ̀lì wọn rọ, kí ojú rẹfirí fọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tiwa, kí ẹni tó ń gbá iwájú fún wọn ṣubú kí ó má lè dìde, kò sí ẹni tó lè gba irú èyí ní etígbọ̀ọ́ ìyá ọmọ náà. Ọ̀nà tí ìborí yóò gbà wá ni ààlà wà. Ọ̀rọ̀ náà sì le ní NNL ju ní Yúróòpù lọ, nítorí pé fídíò tí rẹfirí ibẹ̀ ń padà wò láti tún ìdájọ́ ṣe kò sí níbí, ìtàn líìgì Nàìjíríà sì kún fún rẹfirí tí èrò onílé lù tàbí dẹ́rù bà, tí wọ́n fi ní kí ẹgbẹ́ lọ gba bọ́ọ̀lù láìsí èrò tàbí ní ìlú mìíràn. Níbi tí kámẹ́rà kò sí, ẹ̀rí ọkàn èrò ni ẹ̀rí tó kù. Ẹni tó bá ti tọrọ ìdájọ́ òdodo lọ́jọ́ Jímọ̀ kò ní ẹnu láti halẹ̀ mọ́ onídàájọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àlejò yé ará Festac ju ẹlòmíràn lọ. Ilẹ̀ Àwórì ni Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ṣe FESTAC '77, ìyẹn àjọ̀dún àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní dé ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Lẹ́yìn tí àlejò lọ ni àwọn ilé náà di ibùgbé fún Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó, Ìjọ́ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Ìlú tí wọ́n kọ́ nítorí àlejò ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní onílé níbẹ̀ lónìí sì jẹ́ ọmọ ẹni tó dé ibẹ̀ bí àlejò, tí ìrọ̀rùn rẹ̀ dúró lórí bí àwọn tó bá níbẹ̀ ṣe gbà á. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ìkórìíra pàdé bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn ọmọ ìlú mìíràn wá.

Àdúrà tí kò lè dá ìborí lójú ṣì ní ohun tó ń ṣe. Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Israel Adébàjọ́ dá sílẹ̀ ní Èkó, gba FA Cup ní 1967, 1968, 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992, lẹ́yìn náà ni ó rá kúrò lójú ọ̀run bọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Síbẹ̀ àwọn àgbàlagbà wà ní Èkó tí ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹbí. Ohun tí ọdún púpọ̀ ti àdúrà àti ìdúródè so wọ́n mọ́ kò bá ipò inú líìgì lọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan sì wà tí onílé àti àlejò lè jọ bẹ̀, tí Ọlọ́run lè gbọ́ ní kíkún fún àwọn méjèèjì láì gba ti ẹnì kan fún ẹnì kejì, òun ni ẹ̀bẹ̀ ọ̀nà. Ojú títì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ ń gbà lọ síbi eré tí wọ́n sì ń gbà padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2025, bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kánò padà láti National Sports Festival ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìjàǹbá nígbà tí wọ́n ti ń súnmọ́ ilé, àwọn tó kú sì lé ní 20. Àwọn tó gbà wọ́n lálejò ti bá wọn díje, wọ́n ti borí wọn níbì kan, wọ́n sì ti fìdí rẹmi níbòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó rántí ìyẹn lọ́jọ́ náà. Kí rẹfirí tó fọn fèrè ni ó yẹ kí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti bẹ ẹ̀bẹ̀ yìí fún ẹni tó wá bá a gbá, nígbà tí kò tíì mọ ẹni tí yóò fi ìbànújẹ́ rin ọ̀nà náà, nítorí pé bí tirẹ̀ bá ti borí, ọrẹ aláṣẹ́gun ni ẹ̀bẹ̀ náà yóò dà, bí tirẹ̀ bá sì ti fìdí rẹmi, ó lè má rí ọkàn fi bẹ̀ ẹ́ mọ́.